Mo fẹ́ máa gba orin àpàlà sílẹ̀ nínú yàrá mi ní Ìkòròdú: kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà (Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ìkòròdú ni mò ń gbé, nítòsí Ìta-Ẹlẹ́wà, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Odògúnyàn, níbi tí a ti máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, tí a sì máa ń fi ọ̀sẹ̀ kejì ṣe ti òru. Orin àpàlà ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà nílé bàbá mi àgbà. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti ń kọ orin tèmi sínú ìwé, tí mo sì ń fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń jáde kò ṣeé gbé síwájú ẹnikẹ́ni: ohùn mi máa ń dún bí ti ẹni tí ó wà nínú àgbá, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò a sì máa kùn lábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní oṣù tó kọjá, àjọ tí mò ń dá kàn mí, mo sì ti ya ₦400,000 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí nìkan. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, tí SSD rẹ̀ sì jẹ́ 256 GB. Yàrá kan ṣoṣo ni mo gbà, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 10, ògiri sìmẹ́ǹtì ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ni ó sì máa ń dún lẹ́yìn fèrèsé mi nígbà tí iná bá lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó máa ń ṣe bíìtì ní kí n ra FL Studio (sọ́fítíwíà tí òun fi ń ṣe é), máìkì kọndẹ́ńsà, àti sípíkà sítúdíò ńlá méjì, pé owó náà yóò tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n pé ọkàn mi yóò balẹ̀. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi ń béèrè lọ́wọ́ yín kí n tó náwó. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ rà, sọ́fítíwíà wo ni ó bá irú orin mi mu, kí sì ni mo lè ṣe sí ariwo yìí?

Apohùnpọ̀ Ṣàbó (Ìkòròdú)

Àbúrò, o kú ìmúra. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń gba ohùn sílẹ̀ ní ìhà Ṣàbó níbí, ohun tí mo sì kọ́kọ́ fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o gbàgbé sípíkà méjì yẹn ná. Nínú yàrá tí ó kéré tó tìrẹ, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì lásán, ohùn tí ó ń ti ẹnu sípíkà jáde máa ń kọlu ògiri, a sì padà wá pàdé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ohùn ìsàlẹ̀ a kó ara jọ sí igun yàrá, débi pé bí o bá jókòó sí ibì kan, ìlù yóò máa bú bí àrá, bí o bá sì sún ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀, ìlù kan náà yóò pòórá. Orin tí o bá tò níbẹ̀ kò ní dún bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tàbí nínú fóònù ẹlòmíràn. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí ó ra sípíkà sítúdíò kí ó tó ra máìkì, ọdún kan gbáko ni ó sì fi ń bu ohùn ìsàlẹ̀ kúrò nínú orin tí kò ní ohùn ìsàlẹ̀ tó.

Yàrá ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Dúró sí àárín rẹ̀, kí o sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o bá gbọ́ nǹkan kan tí ó ń dún "tín-ín" lẹ́yìn àtẹ́wọ́ náà, ògiri ni ó ń dá ohùn padà fún ọ, òun náà sì ni àgbá tí ò ń gbọ́ nínú orin rẹ. Nǹkan méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn tí ó ń ta láti ara ògiri padà, nǹkan tí ó rọ̀ tí ó sì nípọn ni ó ń gbé e mì: mátírẹ́ẹ̀sì, aṣọ òtútù, kọ́tìnì onílọ̀ọ́po méjì, aṣọ tí ó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ariwo tí ó ń ti ìta wọlé, nǹkan tí ó wúwo ni ó ń dá a dúró, bí ògiri bíríkì tàbí ilẹ̀kùn pákó líle tí kò ní àlàfo lábẹ́, mátírẹ́ẹ̀sì kò sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Páálí ẹyin tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì dáadáa, iná sì tètè máa ń ràn mọ́ ọn. Má ṣe wá a rárá.

Ibi tí o gbé mátírẹ́ẹ̀sì náà sí ṣe pàtàkì ju mátírẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ máìkì tí a fi ń kọrin, iwájú ni ó fi ń gbọ́ràn, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dití. Iwájú yẹn kọjú sí ọ, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ ni òun náà ń wò. Nítorí náà, ẹ̀yìn tìrẹ ni kí o gbé mátírẹ́ẹ̀sì dúró sí, kì í ṣe ẹ̀yìn máìkì bí mo ti máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Kí o sì kọjú sí fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ wà bí o bá ń kọrin, kí ẹ̀yìn máìkì tí ó dití lè kọjú sí i. Kò ní pa ariwo náà, ṣùgbọ́n yóò dín in kù débi tí ẹnu yóò fi yà ọ́.

Ìdí yìí náà ni n kò fi ní gbà ọ́ níyànjú láti ra kọndẹ́ńsà báyìí. Kọndẹ́ńsà dára, ó ń gbọ́ nǹkan tí ó kéré gan-an, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà rẹ̀ nínú ilé tí ìwọ ń gbé, nítorí pé yóò gbọ́ ọmọ tí ó ń ké ní yàrá kẹta, yóò sì gbọ́ ṣíbí tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó onílé. Máìkì dáínámíìkì ni kí o rà, irú èyí tí àwọn olórin ń dì mú lóde àríyá. Shure SM58 ni gbogbo ayé mọ̀, láti 1966 ni wọ́n ti ń tà á, ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà ju ojúlówó lọ. Bí owó kò bá tó, Behringer XM8500 yóò ṣe iṣẹ́ fún ọ láìsí ìtìjú. Sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì. Bí o bá jìnnà sí máìkì ní ìlọ́po méjì, ohùn rẹ yóò rẹlẹ̀ ní nǹkan bí 6 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ti ga tó), ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sì ní rẹlẹ̀ ní tirẹ̀. Fa sítọ́kíìnì àtijọ́ bo orí wáyà tí o tẹ̀ ní róbótó, kí o gbé e sí àárín ẹnu rẹ àti máìkì, kí afẹ́fẹ́ "b" àti "p" má baà máa lù ú.

Lẹ́yìn máìkì ni sáúńdì káàdì, ìyẹn àpótí kékeré tí ó ń sọ ohùn di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà, tí wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Focusrite Scarlett Solo gba máìkì kan ṣoṣo. Scarlett 2i2 gba méjì. Bí o bá mọ̀ pé onígángan yóò máa wá lù fún ọ nígbà tí ìwọ náà ń kọrin, méjì ni kí o rà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó ní bọ́tìnì 48V, nítorí ọjọ́ tí o bá fẹ́ lo kọndẹ́ńsà, òun ni yóò máa fún un ní iná. Dáínámíìkì kò nílò rẹ̀. Owó tí ó bá kù, fi ra hẹ́ẹ́dìfóònù tí ó ní wáyà, tí ó sì bo etí tán pátápátá, irú bí Audio-Technica ATH-M40x, kí ohun tí ò ń gbọ́ má baà máa jò padà sínú máìkì. Èyí tí kò ní wáyà kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohùn máa ń pẹ́ kí ó tó dé inú rẹ̀, ìwọ yóò sì máa kọrin lẹ́yìn ìlù.

Ó ku sọ́fítíwíà, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fi ṣe ìjà, tí ó sì kéré jù nínú ohun tí ó lè bà ọ́ nínú jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́ nípa FL Studio. Ilé-iṣẹ́ Image-Line ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ó ṣe é, FruityLoops ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó jáde ní 1997, ẹni tí ó bá sì rà á lẹ́ẹ̀kan kì í san owó mọ́ fún ẹ̀dà tuntun. Ṣùgbọ́n bíìtì ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ohùn. Ẹ̀dà rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù, tí wọ́n ń pè ní Fruity, kì í gba ohùn sílẹ̀; ó di orí ẹ̀dà Producer kí o tó lè kọrin sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fún ọ láti dán wò lọ́fẹ̀ẹ́ yóò jẹ́ kí o tọ́jú iṣẹ́ rẹ pamọ́, kò sì ní jẹ́ kí o ṣí i padà títí ìwọ yóò fi sanwó. Fún ẹni tí ohùn àti ìlù gidi ni ó fẹ́ gbà sílẹ̀, Reaper ni èmi yóò mú. Ó fúyẹ́, kọ̀ǹpútà rẹ yóò gbé e láìmí hẹlẹ, ọjọ́ 60 ni wọ́n fún ọ láti lo gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, $60 sì ni ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ẹni tí ń dá ṣe é nílé. Ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sílẹ̀, Justin Frankel, òun náà ni ó ṣe Winamp tí gbogbo wa fi ń gbọ́ orin ní káfẹ́ láyé àtijọ́, bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Bí o bá ṣí i, yan 24-bit àti 44.1 kHz, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà yóò ti fara balẹ̀ ka ohùn tó. Má ṣe jẹ́ kí ohùn rẹ sún mọ́ ibi tí iná pupa wà. Kí èyí tí ó ga jù nínú rẹ̀ máa dé àárín -12 sí -6 dB, nítorí ohùn tí ó bá ti fọ́ nígbà tí ó ń wọlé, kò sí àdúrà tí ó ń tò ó. Fi buffer (ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kí ó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí) sí 128 nígbà tí o bá ń kọrin, kí ohùn rẹ má baà pẹ́ kí ó tó padà sí ọ létí, kí o sì gbé e sí 512 tàbí 1024 nígbà tí o bá ń po ohùn pọ̀, kí kọ̀ǹpútà lè mí. Ìṣẹ́jú kan láti inú máìkì kan yóò gba nǹkan bí 8 MB. Orin ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó ní ipa ohùn mẹ́wàá yóò gba nǹkan bí 400 MB, nítorí náà SSD 256 rẹ kò kéré, ṣùgbọ́n kó fíìmù kúrò lórí rẹ̀.

Ní ti àkókò, aago mẹ́ta òru sí aago mẹ́rin ààbọ̀ ni èmi máa ń gba ohùn sílẹ̀, nígbà tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ ti sùn.

Àyàn Ẹ̀pẹ́ (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Apohùnpọ̀ ti sọ ti ẹ̀rọ débi tí kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un, àyàfi pé wọn kò sọ̀rọ̀ ìlù, ìlù sì ni iṣẹ́ tí wọ́n bí mi sí.

Má ṣe gbé máìkì sún mọ́ ojú awọ gángan. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbàgà kọ̀ǹgọ́ nìkan ni yóò wọlé, ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ yóò dúró síta, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn máa ń jáde láti ara gbogbo ìlù náà, láti ara igi, láti ara awọ kejì tí a kò lù, bí a ti ń fún ọsán tí a sì ń tú u sílẹ̀. Ìwọ̀n apá kan ni kí máìkì fi jìnnà, kí ó ga díẹ̀ ju ìlù lọ, kí ó sì máa wo ẹ̀gbẹ́ ojú awọ. Bí ó bá jẹ́ agídìgbo ni, ó lè sún mọ́ ọn dáadáa, nítorí ohùn rẹ̀ kéré, ihò tí ó wà níwájú rẹ̀ sì ni kí máìkì yà fún díẹ̀ kí ohùn ìsàlẹ̀ má baà bo àwọn irin rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ kan náà ni kí o gba gbogbo ipa ìlù orin kan. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹ̀bá ọ̀sà ni a wà, awọ máa ń gba ọ̀rinrin, gángan tí mo lù ní ọ̀sán tí oòrùn mú kì í dún bákan náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí òjò rọ̀, bó ti wù kí n yá a sí oòrùn tó. Ìkòròdú náà kò jìnnà sí ọ̀sà. Mo ti gba apá kan sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, tí mo wá gba ìyókù ní ọjọ́ Ajé, tí ó sì dà bí ẹni pé ènìyàn méjì ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú orin kan.

Nípa FL Studio, pátákó tí a fi ń to ìlù nínú rẹ̀ máa ń ní ojú 16 bí o bá ti ṣí i, ọ̀pọ̀ ìlù wa sì jẹ́ òǹkà 12, pàápàá kónkóló tí agogo máa ń lù. Ẹni tí ó bá fi tipátipá kó 12 sínú 16 yóò gbọ́ nǹkan tí ó jọ kónkóló, tí kò sì jẹ́ kónkóló. Ìdí tí ọ̀pọ̀ bíìtì àpàlà tí àwọn ọmọ ìwòyí ń ṣe fi máa ń tiro nìyẹn. O lè yí òǹkà náà padà níbẹ̀, Reaper náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ tèmi, má ṣe fi kílíìkì kọ̀ǹpútà, ìyẹn ìró "kọ́-kọ́" tí ó fi ń ka ìlù fún ọ, bẹ̀rẹ̀ rárá. Jẹ́ kí alágogo kan tí ó mọṣẹ́ lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, kí o gbà á sílẹ̀, kí o wá to gbogbo nǹkan yòókù lé e lórí. Òṣèré àpàlà máa ń fa orin sẹ́yìn nígbà tí ó bá ń ki ènìyàn, ó sì máa ń sáré díẹ̀ nígbà tí ìlù bá gbà á. Ẹ̀dá ènìyàn lè bá a rìn, kílíìkì kò lè bá a rìn.

Ohun kan kù tí ó máa ń bí mi nínú. Auto-Tune tí Antares gbé jáde ní 1997 (ẹni tí ó ṣe é, Andy Hildebrand, fífi ìró wá epo rọ̀bì nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀), ẹ̀rọ tí ó ń fa ohùn tí ó bá yẹ̀ padà sórí ohùn orin, ni wọ́n ń fi sí orí gbogbo orin báyìí, wọ́n á sì yí i dé ibi tí ó yára jù. Ohùn Yorùbá kì í fò láti orí àkàbà kan sí òmíràn nìkan, ó tún máa ń yọ́ gòkè, a sì máa yọ́ sọ̀kalẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ̀rọ náà bá gé ìyọ́sọ̀kalẹ̀ yẹn kúrò, ìtumọ̀ bá a lọ: ẹni tí ó kọrin pé òun ra ọkọ̀ yóò gbọ́ ara rẹ̀ pé òun ra ọkọ́, tàbí kí ó tilẹ̀ di pé ó ra ọkọ, kí àwọn obìnrin àdúgbò sì máa bi í léèrè ọjà tí ó ti rí i. Bí o bá gbọ́dọ̀ lò ó, yí i kí ó lọ́ra, kí o sì máa ka ọ̀rọ̀ orin rẹ láti inú ìwé bí o ti ń gbọ́ ọ, kí o lè mọ ibi tí ó ti yí ọ lọ́rọ̀ padà.

Ìyá Akọrin (Àgbádárìgì)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ni mò ń darí, èmi fúnra mi ni mo sì kọ́ bí a ti ń gba orin wọn sílẹ̀, nítorí pé owó tí wọ́n ń béèrè ní sítúdíò fún wákàtí kan kò jẹ́ kí àwọn ọmọdé ráyè ṣe àṣìṣe. Mo gba ohun tí Apohùnpọ̀ sọ nípa máìkì. Ọ̀rọ̀ aago mẹ́ta òru ni n kò gbà. Sítúdíò tiwọn wà lọ́tọ̀, ìwọ ń gbé nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Bí o bá gbé ohùn àpàlà sókè ní aago mẹ́ta òru, onílé yóò ti fún ọ ní ìwé pé kí o kó jáde kí orin náà tó parí. O sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ni o fi ń ṣiṣẹ́ òru. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, sùn nígbà tí o bá dé, kí o wá kọrin láàárín aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwọn aládùúgbò ti lọ síbi iṣẹ́ tí àwọn ọmọ sì wà ní ilé-ìwé. Àwọn tí wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ kò sí nílé. Òjò nìkan ni ọ̀tá rẹ ní àkókò yẹn, nítorí páànù, ìyẹn kò sì ní oògùn.

Audacity ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní tèmi, ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2000 ni ó sì ti wà. Kò burú fún ẹni tí kò tíì mọ ohun tí ó fẹ́. Láyé àtijọ́, gbogbo nǹkan tí o bá ṣe sí ohùn nínú rẹ̀ ti wọ ara ohùn náà nìyẹn, àfi láti ẹ̀dà 3.2 tí ó jáde ní 2022 ni o ti lè yí nǹkan padà bí orin ti ń lọ. Mo fi í sílẹ̀ lọ sí Reaper lẹ́yìn ọdún kan, n kò sì padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbà lọ́wọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí o má ra sọ́fítíwíà olè. Ẹnì kan tà á fún mi ní owó tí kò tó ti ìrẹsì ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mi tún un ṣe ní àwọn kòkòrò tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ sọ́fítíwíà náà ni, ó sì nu gbogbo inú rẹ̀ nù. Orin mọ́kànlá ni ó bá a lọ. Àwọn ọmọ mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ohùn àwọn ọmọkùnrin méjì mìíràn sì ti yípadà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè kọ wọ́n padà bí wọ́n ti wà. Láti ìgbà náà, kí n tó dìde lórí àga, mo ti da iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí fúláàṣì kan tí ó máa ń wà nínú àpò mi, mo sì ń fi èkejì ránṣẹ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ tí dátà bá pọ̀.

Bí o bá fẹ́ rajà, gbé kọ̀ǹpútà rẹ àti hẹ́ẹ́dìfóònù dání, yálà Ìkẹjà ni o lọ tàbí Alábà. So sáúńdì káàdì mọ́ ọn níwájú ọlọ́jà, sọ̀rọ̀ sínú máìkì, yí gbogbo bọ́tìnì, kí o sì gbọ́ bóyá ó ń fọ́. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí o ṣe bẹ́ẹ̀, kí i pé ó dàbọ̀.

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà (Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Akọrin náà, ẹ ṣeun mà. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Mo ra máìkì dáínámíìkì kan, sáúńdì káàdì tí ó gba máìkì méjì, hẹ́ẹ́dìfóònù oníwáyà, àti irin tí a fi ń gbé máìkì dúró, owó sì ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ tí ó tó láti ra máìkì kejì. Ní ibi tí mo ti kọ́kọ́ bá wọn nájà, ọlọ́jà kò jẹ́ kí n so nǹkan mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Mátírẹ́ẹ̀sì tí mò ń sùn lé lórí ni mo gbé dúró lẹ́yìn mi, mo sì kọjú sí fèrèsé. N kò gbàgbọ́ pé èmi ni mo ń kọrin nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ohùn àgbá yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti dípò rẹ̀: ìró kan wà tí ó ń dún "hùn-ún" wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ohùn mi, kódà nígbà tí kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan tí ó ń ṣiṣẹ́, tí NẸ́PÀ sì wà. Bí mo bá fọwọ́ kan ara máìkì, ó máa ń dín kù díẹ̀. Ṣé wọ́n ti ta ayédèrú fún mi ni?

Apohùnpọ̀ Ṣàbó (Ìkòròdú)

Kì í ṣe ayédèrú. Yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà, jẹ́ kí ó máa lo bátìrì, kí o sì tún gbọ́. Iná wa jẹ́ 50 Hz, ìró rẹ̀ gan-an ni ò ń gbọ́, láti ara ṣájà tí ilé yín kò ní wáyà ilẹ̀ tí ó dára fún. Bí ó bá lọ, o ti rí i. Gba agbára sínú bátìrì kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì yọ wáyà fóònù pẹ̀lú bí ó bá wà lára kọ̀ǹpútà náà. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ ra ínfátà, bi wọ́n bóyá pure sine wave ni, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bí ti NẸ́PÀ. Èyí tí owó rẹ̀ rọjú máa ń ju ariwo tí ó burú jù èyí lọ sínú ohùn.

Ìyá Akọrin borí mi lórí ọ̀rọ̀ aago mẹ́ta òru. Ìyàwó mi ka ohun tí wọ́n kọ, ó sì ní kí n kí wọn.

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà (Ìkòròdú)

Ṣájà ni, ẹ̀gbọ́n. Mo yọ ọ́, yàrá sì dákẹ́ rọ́rọ́. Bátìrì náà gbé mi fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, ó tó orin kan.

Onígángan kan láti Ìgbógbó ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n Àyàn, ẹ jọ̀wọ́, igun ni mo rò pé kí n fi wọ́n sí kí àyè lè gbà wá, ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Àyàn Ẹ̀pẹ́ (Ẹ̀pẹ́)

Má fi wọ́n sí igun. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ pé ó máa ń kó jọ síbẹ̀ yóò wọ inú ìlù, gángan yóò sì máa dún bí àgbá òfìfo. Gbé ibùsùn kúrò lójú ọ̀nà, kí wọ́n jókòó sí ibi tí ó fi díẹ̀ kúrò ní àárín yàrá, kí mátírẹ́ẹ̀sì wà lẹ́yìn wọn bí ó ti wà lẹ́yìn rẹ. Bí òjò bá ṣú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, pè wọ́n kí wọ́n tó wọkọ̀.